Ní Copenhagen, Mo Rí Àga Tó Jọ Ti Bàbá Mi Nínú Mùsíọ̀mù

Bí wọ́n bá ní kí n búra lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá búra pé àìlówó ló ń bá Bọ̀dá mi jà. Oṣù Kejìlá tó kọjá ni, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ò sì tíì pẹ́ tó lù tí mo fi dé ilé wọn ní àdúgbò Nørrebro, ní Copenhagen, olú ìlú Dẹ́ńmáàkì. Òkùnkùn ti kùn bíi pé aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni. Mo wọlé, mo gbójú sókè kí n wo iná àjà, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àtùpà kan ṣoṣo ló so rọ̀ látòkè wá sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tábìlì ìjẹun, orí tábìlì yẹn nìkan ló sì ń tàn sí. Òmíràn wà ní kọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, àbẹ́là méjì ń jó lójú fèrèsé. Gbogbo ìyókù pálọ̀ rọra ṣú.

Mo ní, "Bọ̀dá, ṣé wọ́n ń mú iná lọ níbí náà ni?"

Bọ̀dá bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí, ìyàwó wọn, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Bọ̀dá ní, "Ọmọ Ọ̀gá, jókòó ná. Iná ò lọ síbì kankan. Bí wọ́n ṣe ń tanná nílùú yìí nìyẹn. Tó bá yá, wàá mọ̀."

Ẹ jẹ́ n tètè ṣàlàyé, kẹ́ ẹ má baà máa bi ara yín pé ta ni Bọ̀dá yìí. Ọmọ iṣẹ́ bàbá mi ni wọ́n. Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn, ni bàbá mi ti ṣe iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ọ̀dọ̀ wọn ni Bọ̀dá ti kọ́ṣẹ́, tí wọ́n ti gba fíríìdọ́ọ̀mù, kí wọ́n tó di èrò òkè òkun. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè mí ní Ọmọ Ọ̀gá, wọn ò sì tíì yí i padà títí dòní tí mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Iṣẹ́ ìròyìn ló gbé mi dé Copenhagen fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀rọ̀ àga àti àtùpà ò sí lára ohun tó gbé mi lọ rárá, àmọ́ òun ló kù sí mi lọ́kàn nígbà tí mo padà délé.

ÀTÙPÀ TÍ KÌ Í FI GÍLÓÒBÙ HAN ÈÈYÀN

Ẹni tí kò bá mọ bí òkùnkùn ilẹ̀ wọn ṣe rí kò lè mọ ìdí tí wọ́n fi ka iná kún tó bẹ́ẹ̀. Lóṣù Kejìlá, ó máa ń kọjá aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ kí oòrùn tó yọ, kó sì tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó ti wọ̀. Èyí tó tilẹ̀ yọ ọ̀hún, ìkùukùu lè má jẹ́ kéèyàn rí i. Inú ilé ni wọ́n ń gbé jù. Tó bá wá jẹ́ pé iná tó ń gún ni lójú lèèyàn tún tàn sínú ilé ọ̀hún, ìyà méjì ló fi jẹ ara ẹ̀.

Àtùpà tí mo rí lórí tábìlì Bọ̀dá, PH 5 ni wọ́n ń pè é. Orúkọ èèyàn ni wọ́n gé kúrú sí PH yẹn: Poul Henningsen, ayàwòrán-ilé tí wọ́n bí lọ́dún 1894, tó kú lọ́dún 1967. Ilé tí ọ̀rọ̀ kì í tán nínú ẹ̀ ni wọ́n bí ọkùnrin yìí sí. Ìyá ẹ̀, Agnes Henningsen, gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé ni, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ obìnrin náà ò sì jẹ́ kí ẹnu ìlú sinmi, torí Carl Ewald tó bí Poul fún un, òǹkọ̀wé lòun náà, kì í ṣe ọkọ ẹ̀.

Àtùpà kẹrosín ni wọ́n ń tàn nígbà tí Poul wà lọ́mọdé, iná ẹ̀ sì tura lójú. Nígbà tí iná mànàmáná gbòde, gílóòbù tó wà níhòòhò kò bá a lára mu, ló bá pinnu pé òun máa wá nǹkan ṣe sí i. Lọ́dún 1925, wọ́n gbé àtùpà ẹ̀ lọ síbi ìpàtẹ ńlá kan ní Paris. Nígbà tó fi máa di 1926, ó ti rí ọgbọ́n tó ń wá. Ilé iṣẹ́ Louis Poulsen ló bá a ṣe é, bẹ́ẹ̀ ọtí wáìnì nilé iṣẹ́ yẹn ń kó wọ̀lú nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́dún 1874.

Ọgbọ́n náà nìyí. Ó fi nǹkan mẹ́ta tó dà bí abọ́ tí wọ́n dojú ẹ̀ dé bo gílóòbù: èyí tó tóbi wà lókè, èyí tó kéré sí i wà láàárín, kékeré wà nísàlẹ̀. Ó ṣírò bí ẹ̀gbẹ́ abọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe gbọ́dọ̀ tẹ̀, débi pé ìmọ́lẹ̀ á kọ́kọ́ lu abọ́ kó tó ṣẹ́rí wá sórí tábìlì. Ibi yòówù kẹ́ ẹ jókòó sí, ẹ ò ní í fojú kan gílóòbù. Ẹ máa rí oúnjẹ yín, ẹ máa rí ojú ẹni tẹ́ ẹ jọ ń jẹun, ojú ò sì ní í ro yín.

Nígbà ogun Hítílà, táwọn Jámánì gba Dẹ́ńmáàkì lọ́dún 1940, òfin dé pé kò gbọdọ̀ sí iná tí ọkọ̀ òfuurufú lè rí látòkè. Henningsen ni ayàwòrán-ilé Tivoli nígbà náà, ọgbà ìgbafẹ́ tó wà láàárín Copenhagen. Ló bá ṣe àtùpà tó ń tàn sílẹ̀ fáwọn tó ń rìn, tí ẹni tó wà lókè ò sì ní í rí i, kí ọgbà náà lè máa ṣí lálẹ́. Lọ́dún 1943, òun náà sá lọ sí Súwídìn.

Ọdún 1958 ni PH 5 dé. Inú ló bí Henningsen sáwọn tó ń ṣe gílóòbù, torí wọn ò yé yí ìrísí ẹ̀ padà, ló bá ṣe àtùpà tó máa bo irú gílóòbù yòówù tí wọ́n bá fi sínú ẹ̀. Àádọ́ta sẹ̀ǹtímítà tí fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ ni 5 inú orúkọ ẹ̀ dúró fún. Nǹkan bí ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà péré ni wọ́n fi ń ga ju tábìlì lọ. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi rò pé ó fẹ́ já lu ọbẹ̀ Àǹtí.

Bọ̀dá ò rà á ní tuntun o. Ọjà àlòkù ni wọ́n ti rà á. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a jókòó sábẹ́ ẹ̀ títí di aago méjìlá, à ń sọ̀rọ̀ Ìbàdàn, mi ò sì rántí iná àjà mọ́. Àṣé bí iná bá kó èèyàn jọ sójú kan, ọ̀rọ̀ á máa dùn sí i.

ỌSIBÍTÙ TÓ DI ILÉ ÀGA

Lọ́jọ́ Sátidé tí Bọ̀dá ò lọ síbi iṣẹ́, wọ́n ní, "Wọ kóòtù ẹ. Mo fẹ́ mú ẹ lọ síbì kan tí Ọ̀gá ì bá fẹ́ rí."

Òpópónà Bredgade la lọ, sí Designmuseum Danmark. Ọsibítù ọba nilé náà tẹ́lẹ̀, ọdún 1757 ni wọ́n ṣí i. Kierkegaard, onímọ̀ ọgbọ́n orí tí òkìkí ẹ̀ kàn káyé, ibẹ̀ ló kú sí lọ́dún 1855. Nígbà tó di 1926, ó di mùsíọ̀mù. Ọ̀nà kan gbọọrọ wà nínú ẹ̀ tó jẹ́ kìkì àga: àga lọ́tùn-ún, àga lósì, àga lórí àga, ìkọ̀ọ̀kan nínú àpótí funfun tiẹ̀, iná ń tàn sí i lára bíi pé góòlù ni. Èmi ń rẹ́rìn-ín sínú. Mo ní àwọn èèyàn yìí ò níṣẹ́ ṣe, àga lásán-làsàn tá a fi ń jókòó!

Àfi bí mo ṣe dé iwájú ọ̀kan tí ẹsẹ̀ mi dúró.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí. Igi mẹ́rin tí wọ́n fá róbótó ni ẹsẹ̀ ẹ̀. Pákó pẹlẹbẹ kan ṣoṣo ló wà níbi ẹ̀yìn, wọ́n rọra tẹ̀ ẹ́ kó lè gba ẹ̀yìn èèyàn. Okùn tí wọ́n fi bébà lọ́ ni wọ́n fi hun ìjókòó ẹ̀. Kò ní tìmùtìmù, kò ní apá, kò ní ọnà kankan lára. J39 lorúkọ ẹ̀ nínú ìwé, àmọ́ àga aráàlú ni wọ́n ń pè é nílẹ̀ wọn.

Ẹni tó yà á ni Børge Mogensen, lọ́dún 1947. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ orúkọ àwọn tó gbé iṣẹ́ náà fún un, ẹ̀rín á pa yín: ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni! FDB ni wọ́n ń pe àpapọ̀ ẹgbẹ́ náà nígbà yẹn, ọdún 1896 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Lásìkò ogun, lọ́dún 1942, wọ́n fi Mogensen ṣe olórí ẹ̀ka tó ń ya àga. Ohun tí wọ́n ń wá ni àga tó lágbára, tí owó ẹ̀ ò wọ́n, tí òṣìṣẹ́ lè rà sínú yàrá kékeré, kí ọmọ ẹ̀ sì bá a níbẹ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ Mogensen níṣẹ́ ni Kaare Klint, tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àga kíkàn nílé ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ ọnà ti ọba lọ́dún 1924. Klint kì í ya àga kó tó wọn èèyàn. Á wọn ẹsẹ̀, á wọn ẹ̀yìn, á tiẹ̀ wọn ṣẹ́ẹ̀tì àti abọ́ kó tó ya kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n máa kó wọn sí. Ó ní ara ẹni tó máa lò ó lèèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi.

Ibi tí mo ti ka ọ̀rọ̀ wíwọn èèyàn yìí ni nǹkan ti dé bá mi. Bàbá mi ò gbọ́ orúkọ Klint tàbí Mogensen rí títí wọ́n fi kú. Ṣùgbọ́n mo rántí ọjọ́ tí wọ́n ní kí Màmá dúró, tí wọ́n fi okùn wọn orúnkún wọn sílẹ̀, tí wọ́n wọn ẹ̀yìn wọn, Màmá ń bínú pé ọbẹ̀ àwọn ń jóná. Àga kan báyìí ni wọ́n kàn fún wọn, ìrókò ni, kò lọ́nà lára, kò ní tìmùtìmù, ẹ̀yìn ẹ̀ tẹ̀ díẹ̀. Àga yẹn ló wà ní pálọ̀ wa títí èmi fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Owó oṣù tí mo kọ́kọ́ tọ́jú jọ, àga onífóòmù ràgàjì tó ń dán ni mo fi rà ránṣẹ́ sílé. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbé àga yín yìí sẹ́yìnkùlé, ó ti di ti àtijọ́." Bàbá ò fèsì. Àwọn gan-an ló gbé e jáde. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, wọ́n kú.

Mo dúró síwájú àpótí funfun yẹn, mi ò lè sọ̀rọ̀. Bọ̀dá fọwọ́ kàn mí léjìká. Wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé wàá dúró níbí. Èmi náà dúró níbí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wá."

ỌBA, ÀÀRẸ, ÀTI OBÌNRIN TÓ JÓKÒÓ SÓRÍ AYÉDÈRÚ

Bọ̀dá ò fẹ́ kí n máa ronú, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn àwọn àga yòókù fún mi, èmi náà sì wádìí ẹ̀ nígbà tó yá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ àwọn gbajúmọ̀, ẹ súnmọ́bí.

Láti 1927 títí di 1966, ọdọọdún làwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Copenhagen ń pàtẹ iṣẹ́ wọn. Níbi ìpàtẹ ti 1949, Finn Juhl gbé àga ńlá kan jáde, ẹ̀yìn ẹ̀ dà bí asà ogun, apá ẹ̀ fẹ̀ dáadáa. Niels Vodder ló bá a kàn án. Ọba Frederik Kẹsàn-án dé ibẹ̀, orí àga yẹn ló sì lọ jókòó sí. Àwọn oníròyìn ti fẹ́ máa pè é ní àga ọba, Juhl ní kí wọ́n kúkú pè é ní àga ìjòyè. Orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní nìyẹn.

Juhl kan náà ló ṣe yàrá ìgbìmọ̀ kan tí Dẹ́ńmáàkì fi ta olú ilé iṣẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ́rẹ ní New York. Yàrá ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ tí kò tíì dá dúró lábẹ́ àjọ náà ni, Tógò àti Kamẹrúùnù sì wà lára wọn. Ẹ ò rí nǹkan! Nínú yàrá tí ọmọ Dẹ́ńmáàkì ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ni wọ́n ti ń jíròrò ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àwọn ará wa ní Tógò kó tó gba òmìnira lọ́dún 1960.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, a wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sápá àríwá ìlú láti wo ilé Juhl fúnra ẹ̀. Ọdún 1942 ló kọ́ ọ, ibẹ̀ ló gbé títí ó fi kú lọ́dún 1989, ọdún 2008 ni wọ́n sì ṣí i fáráàlú. Ilé onílẹ̀ẹ́lẹ̀ funfun ni, kò tóbi tó bí mo ṣe rò. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé kò to àga mọ́ ògiri yípo bí ìgbà téèyàn ń retí àwọn àna. Àga kan wà níbi tí oòrùn ti ń wọlé, ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, ọ̀kan kọjú sí ọgbà, àtùpà wà nítòsí ibi téèyàn ti lè fẹ́ kàwé. Àga kọ̀ọ̀kan níṣẹ́ tó ń ṣe.

Ó tún ku ti ààrẹ. Lọ́jọ́ 26, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1960, nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún kí Nàìjíríà gba òmìnira, Kennedy àti Nixon kojú ara wọn lórí tẹlifíṣọ̀n ní Chicago. Orí àga tí Hans Wegner yà lọ́dún 1949 ni wọ́n jókòó sí. Ọmọ ṣúmékà ni Wegner, ìlú Tønder ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1914, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ lòun àti Mogensen, ọjọ́ mọ́kànlá péré ló sì fi jù ú. Nígbà ogun tí kò sí nǹkan lọ́jà, ó kan àga kékeré kan fún ọmọ Mogensen, kò lo ìṣó, kò lo síkúrù, ẹ lè tú u palẹ̀ kẹ́ ẹ sì tún un tò. Kó tó kú lọ́dún 2007, àga tó ti yà lé ní ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta.

Èyí tó kàn yìí, ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o. Lọ́dún 1963, ọ̀rọ̀ Christine Keeler àti John Profumo, mínísítà ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìgboro kan títí Profumo fi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́dún yẹn náà, Lewis Morley ya fọ́tò Keeler ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọbìnrin náà yí ẹ̀yìn àga síwájú, ó jókòó gbà á, ẹ̀yìn àga yẹn ló fi bo ìhòòhò ẹ̀. Fọ́tò náà yí ayé ká. Gbogbo ẹni tó bá wò ó á ní àga Series 7 ni, èyí tí Arne Jacobsen, ọmọ Dẹ́ńmáàkì, yà lọ́dún 1955. Irọ́ ni o. Ayédèrú ni! Wọ́n gbẹ́ ihò síbi ẹ̀yìn ẹ̀, ojúlówó ò sì ní ihò. Àga ayédèrú ọ̀hún ti wà ní mùsíọ̀mù Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí.

MẸ̀KÚNNÙ NI WỌ́N TORÍ Ẹ̀ KÀN ÁN

Ọ̀rọ̀ ayédèrú yìí ló gbé wa dórí ọ̀rọ̀ owó. Lọ́jọ́ kan, mo dá lọ sí Strøget, òpópónà tí wọn ò ti jẹ́ kí mọ́tò gbà látọdún 1962, ẹsẹ̀ ni gbogbo èèyàn fi ń rìn níbẹ̀. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù àga kan. Mo rí àga Ẹyin tí Jacobsen yà lọ́dún 1958 fún òtẹ́ẹ̀lì SAS Royal tó kọ́ láàárín ìlú. Nínú òtẹ́ẹ̀lì yẹn, òun ló ya ilé, òun ló ya àga, títí dórí ọwọ́ ilẹ̀kùn. Yàrá 606 níbẹ̀, wọn ò yí i padà, bó ṣe wà lọ́dún 1960 ni wọ́n fi í sílẹ̀. Mo wo iye tí wọ́n kọ sára àga náà, mo ṣírò ẹ̀ sí náírà, mo rọra gbẹ́sẹ̀ sẹ́yìn. Èèyàn á ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ nínú owó yẹn. Ọmọbìnrin tó ń tajà ní kí n jókòó wò ó, mo ní ó tó, ẹ̀yìn ò dùn mí.

Nígbà tí mo délé, mo bi Bọ̀dá pé ṣé àga aráàlú náà nìyí? Bọ̀dá mi orí.

Wọ́n ní, "Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyẹn. Mẹ̀kúnnù ni wọ́n torí ẹ̀ kan púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n bí ayé ṣe ń gbé orúkọ wọn ga, lowó ń gòkè. Ọwọ́ èèyàn ló sì ń ṣe é, owó iṣẹ́ ò kéré nílẹ̀ yìí."

Òótọ́ ni. Ẹ wo àga Y tí Wegner yà lọ́dún 1949, tí ilé iṣẹ́ Carl Hansen & Søn ti ń ṣe láti 1950. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe sí ọ̀kan ṣoṣo kó tó parí lé ní ọgọ́rùn-ún ọ̀nà. Okùn tí wọ́n fi ń hun ìjókòó ẹ̀ tó ọgọ́fà mítà, ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ já fáfá á lò tó wákàtí kan lórí ẹ̀. Òfin wọn ò sì gbà kí ẹlòmíì ṣe ẹ̀dà ẹ̀ tà, ẹ̀tọ́ ẹni tó yà á ń wà títí di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú ẹ̀.

Àwọn ará Súwídìn tó múlé tì wọ́n gba ọ̀nà míì yanjú ọ̀rọ̀ owó yìí. Ingvar Kamprad jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún nígbà tó dá IKEA sílẹ̀ lọ́dún 1943. Lọ́dún 1956, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta tábìlì tí wọ́n yọ ẹsẹ̀ ẹ̀, kó lè pẹlẹbẹ nínú páálí, kí oníbàárà gbé e lọ sílé kó lọ fọwọ́ ara ẹ̀ tò ó. Owó ọkọ̀ dín kù, owó àyè dín kù, owó iṣẹ́ náà dín kù, ni àga bá wọ́pọ̀. Ilé Bọ̀dá náà ò ṣàìní tiwọn, bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ wọn ni. Àmọ́ Àǹtí sọ fún mi pé àwọn ti pààrọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú ẹ̀ẹ̀mẹta, àtùpà PH 5 àwọn ò tíì yẹsẹ̀.

ÀGA MẸ́FÀ TÍ WỌ́N FẸ́ KÓ DÀNÙ

Ó ku ọ̀la kí n padà sílé ni mo tó béèrè ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n ti béèrè. Àga tí à ń jókòó sí nídìí tábìlì Bọ̀dá láti ọjọ́ tí mo ti dé, mi ò wò ó dáadáa rí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo bẹ̀rẹ̀, mo wo abẹ́ ẹ̀. Igi mẹ́rin róbótó, pákó pẹlẹbẹ lẹ́yìn, okùn bébà. J39 ni gbogbo wọn, mẹ́fà!

Mo ní, "Bọ̀dá, níbo lẹ ti rówó ra èyí?"

Wọ́n ní àwọn ò rà á. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni Bọ̀dá ti ń ṣiṣẹ́ láti bí ogún ọdún, wọ́n ń wẹ̀ fún wọn, wọ́n ń bọ́ wọn, wọ́n ń gbé wọn sórí àga. Lọ́dún kan, wọ́n fẹ́ kó àwọn àga àtijọ́ ibẹ̀ dànù torí okùn ìjókòó wọn ti já. Bọ̀dá tọrọ mẹ́fà. Wọ́n ra okùn, wọ́n ń wo bí wọ́n ṣe hun èyí tí kò tíì já tán, wọ́n ń tú u, wọ́n ń fi ṣe àwòkọ́ṣe. Àkọ́kọ́ gbà wọ́n lódindi ọjọ́ méjì, gbogbo ìka wọn bó. Nígbà tó máa fi di ẹlẹ́ẹ̀kẹfà, ìrọ̀lẹ́ kan péré ló gbà wọ́n.

Bọ̀dá ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti délùú yìí, kò sẹ́ni tó bi mí rí pé iṣẹ́ wo ni mo kọ́ nílé. Mo ti ń rò pé ó ti kúrò lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ tí mo hun àga yìí tán, tí mo jókòó sórí ẹ̀ tí kò dún, mo ní, Ọ̀gá, ẹ ṣeun."

Èmi àti Àǹtí ò fọhùn. Àtùpà yẹn ń tàn sórí ọwọ́ Bọ̀dá, mo rí àpá tí ayùn fi síbẹ̀ láti Òkè-Àdó.

Mo gbé fóònù, mo pe Màmá n'Ìbàdàn.

"Màmá, àga tí Bàbá kàn fún yín dà?"

"Èwo? Èyí tó o ní ká gbé sẹ́yìnkùlé?"

Ojú tì mí. Mo ní, "Òun náà ni, mà."

"Orí ẹ̀ ni mo wà yìí. Ṣé àga tìẹ lèèyàn á jókòó sí? Fóòmù ẹ̀ ti wọlé lọ tipẹ́, bí mo bá jókòó sí i, àfi kí wọ́n fà mí dìde. Kí lo fẹ́ fi í ṣe?"

Mo ní mi ò fẹ́ fi í ṣe nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì wà.

Nígbà tí mo padà dé Nàìjíríà, Ìbàdàn ni mo kọ́kọ́ gbà lọ. Mo fi okùn wọn àga náà láti ilẹ̀ dé ibi ìjókòó, mo wá wọn Màmá láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé ẹ̀yìn orúnkún. Ọgbọọgba ni! Èmi àti àbúrò mi gbé e padà sí pálọ̀, síbi fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, a ò tò ó mọ́ ògiri.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, mi ò ní kẹ́ ẹ lọ ra àga Dẹ́ńmáàkì, èmi náà ò lówó ẹ̀. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe àga tuntun, ẹ pe gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò yín kó wá wọn yín, kó wọn ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa jókòó sí i, kó má jẹ́ pé ojú àlejò lẹ torí ẹ̀ ṣe é. Gílóòbù tó wà níhòòhò láàárín àjà yín, ẹ wá nǹkan fi bò ó, kẹ́ ẹ sì fà á wálẹ̀ síbi tẹ́ ẹ ti ń jẹun. Bí bàbá yín bá sì kan àga kan sílẹ̀, ẹ lọ wo ibi tó wà.